Òpó èéfín lórí òrùlé, àárín rẹ̀ kò sí mọ́: ilé àtijọ́ kan tí kò ní ẹnu àjà

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́, ó sì ti lé ní ọdún 80 tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọkàn tọkọtaya tó fẹ́ rà á ti fà sí i kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ti mú ayẹléwò, ẹni tó ń yẹ ilé wò fún ẹni tó fẹ́ rà á, lọ síbẹ̀, ó sì ti fún wọn ní ìwé àyẹ̀wò tó gùn, tó kún fún àwòrán. Gbólóhùn kan péré nínú ìwé náà ló jẹ́ kí ìyàwó gbé fóònù: "A kò rí òkè àjà wò nítorí pé kò sí ẹnu àjà," ìyẹn ihò tí èèyàn ń gbà wọ òkè àjà. Ọkọ rẹ̀ ti ka gbólóhùn yẹn, ó sì ti kọjá lórí rẹ̀; lójú tirẹ̀, bí ìṣòro bá wà níbẹ̀, ayẹléwò ì bá ti sọ. Ìyàwó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí wọn ò rí náà ni ohun tí kò sí?"

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ mi ò dá ayẹléwò lẹ́bi. Ojú ni iṣẹ́ wọn. Ìlànà àwọn ẹgbẹ́ ayẹléwò bíi ASHI àti InterNACHI fi yé wa pé kò pọn dandan kí wọ́n wọ ibi tí kò ní ọ̀nà, wọn kì í sì í lu ihò sára ilé onílé. Ohun tó yẹ kó ṣe náà ló ṣe: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí ibẹ̀. Òǹkàwé ló máa ń sáré kọjá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní àwòrán, kò sì ní àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òkè àjà kì í ṣe ibi kékeré nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ibẹ̀ ni igi òrùlé wà, ibẹ̀ ni omi tó bá ń jò máa kọ́kọ́ dé kó tó hàn lára àjà, ibẹ̀ ni wáyà iná ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òwú ìdènà ooru àti òtútù sí. Ẹni tó ra ilé láìrí i ti ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní àfọ̀júrà.

Ṣé ilé tí kò ní ẹnu àjà wá rú òfin ni? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà, International Residential Code, ní kí wọ́n ṣe ẹnu-ọ̀nà sí òkè àjà tó bá fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 2.8, tí gíga rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 76. Ẹnu-ọ̀nà náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 56 sí 76. Àmọ́ ilé tuntun ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń bá wí. Ilé tó ti wà kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwa kàn mú ìwọ̀n yẹn lò ni, torí pé ó jẹ́ ìwọ̀n tí èèyàn àti ẹrù rẹ̀ lè gbà kọjá.

Ìta ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé náà gùn dé ṣóńṣó òrùlé, bíríkì rẹ̀ sì hàn gbangba láìsí rírẹ́. Mo wọn ibi tí àjà wà nínú yàrá òkè, mo fi bá òkè fèrèsé ṣírò, mo wá ka ìlà bíríkì láti ibẹ̀ lọ sókè. Ìlà 22 ni. Bíríkì kan pẹ̀lú símẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5, èyí tó túmọ̀ sí pé àyè tó ga ju mítà kan àtààbọ̀ lọ wà láàárín àjà àti ṣóńṣó òrùlé. Ibi tí àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ rìn ni. Kò sí káfíńtà tó máa kọ́ irú àyè bẹ́ẹ̀ kó má ṣe ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà wọ̀ ọ́. Ẹnìkan ló dí i.

Ohun kejì tí mo rí níta ló gba gbogbo ọjọ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Òpó èéfín kan wà lórí òrùlé, bíríkì ni, ó sanra, ó dúró ṣánṣán. Mo wọ inú ilé, mo wá ibi tí ó ti wá. Nísàlẹ̀, nínú pálọ̀, mo rí ààrò inú ògiri tí wọ́n ti dí lẹ́nu, bíríkì rẹ̀ sì yọ síwájú bó ṣe yẹ. Mo gun òkè, mo dúró sí yàrá tó wà lórí pálọ̀ gan-an. Ògiri yàrá náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí bíríkì kankan tó yọ síta, bẹ́ẹ̀dì ńlá ni wọ́n gbé sí ibẹ̀.

Bíríkì kì í fò. Òpó tó bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀, tó sì jáde lórí òrùlé, gbọ́dọ̀ gba inú yàrá yẹn kọjá. Ẹni tó fẹ́ kí yàrá fẹ̀ sí i ti gé àárín rẹ̀ kúrò. Ìsàlẹ̀ ṣì wà, orí ṣì wà. Kí ló wá ń gbé orí náà dúró? Òpó èéfín bíríkì tó jẹ́ mítà méjì sí mẹ́ta láti àjà dé orí òrùlé lè wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń fi irin tó nípọn gbé e, wọ́n á kì í mọ́ ògiri méjèèjì. Àwọn mìíràn máa ń fi pákó méjì há a, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á máa lọ. Láti inú yàrá, méjèèjì rí bákan náà: ògiri funfun àti àjà funfun.

Mo tún padà sínú ìwé àyẹ̀wò. Ayẹléwò ti kọ ọ́ pé àjà yàrá yẹn sán tín-ín-rín nítòsí ògiri, ó sì kà á sí ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí àjà àtijọ́ máa ń sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ra àjà, mo rí i pé àjà yàrá yìí nìkan ló dán bíi dígí. Ti àwọn yàrá yòókù jẹ́ ti àtijọ́, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ́ ẹfun mọ́, ojú wọn ń yí gbágungbàgun bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá lára wọn. Ti yàrá yìí jẹ́ pátákó ìgbàlódé. Wọ́n ti já àjà ibẹ̀ lulẹ̀ rí, wọ́n sì ṣe òmíràn. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ẹnu àjà wà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kan náà tó gé òpó èéfín ló sì bò ó.

(Ẹni tó bá ń wá ẹnu àjà tí wọ́n ti bò, kó fi tọ́ọ̀ṣì wá a báyìí lálẹ́, kó pa iná yàrá. Kó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, orí àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti òkè ilé ìwẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi pátákó dí i kì í bá ìyókù dọ́gba, bó ti wù kí ọ̀dà pọ̀ tó.)

Ọkọ ní kí a yá kámẹ́rà tó ń rí ooru. Mo ní kò burú, àmọ́ kó mọ ohun tó máa rí. Kámẹ́rà yẹn á fi ibi tí òwú kò sí hàn án, á fi ibi tí omi ti rin àjà hàn án, ìyẹn bí ooru inú ilé àti ti ìta bá yàtọ̀ síra dáadáa. Kò lè sọ fún un bóyá irin ló gbé òpó èéfín tàbí pákó. Ọ̀rọ̀ náà kù sí ihò kan tó kéré ju owó ẹyọ lọ.

Ilé kì í ṣe tiwa, nítorí náà a ní láti tọrọ àyè. Àjẹ́ǹtì kò fẹ́ gbọ́. Ó ní àwọn mìíràn wà tó fẹ́ ra ilé náà, ó ní kò sí ẹni tó ń lu ilé onílé kó tó sanwó. Èmi ò bá a jiyàn. Ìyàwó ló bá ìyá tó ni ilé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Mà, òpó èéfín yẹn ló ń bà wá lẹ́rù." Mama dáhùn pé, "Ọmọ mi, bí mo ṣe bá a nìyẹn. Mi ò gun ibẹ̀ rí." Òun náà ra ilé ọ̀hún lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ó sì ti gbé inú rẹ̀ pẹ́ títí láìmọ̀ pé nǹkan kan ń dúró lórí òun.

Lọ́yà Mama ló mú ọ̀rọ̀ tó gbọ́n jù wá. Ó ní bí a bá rí nǹkan, tí a sì sá lọ, Mama ti mọ̀ nìyẹn, ní ibi púpọ̀ sì rèé, ẹni tó ń ta ilé gbọ́dọ̀ sọ àléébù tó bá mọ̀ fún ẹni tó kàn. Àìmọ̀ dáàbò bo olùtà ju bí ẹni tó ń rà ṣe máa ń rò lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bínú sí olùtà tó bá kọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ń rà ni pé, bí wọ́n bá kọ̀, kó ṣírò ilé náà bíi pé èyí tó burú jù ló wà lókè, kó dá owó yẹn kúrò nínú iye tó máa san, tàbí kó fi ilé náà sílẹ̀.

Mama kò kọ̀. A kọ ìwé pélébé kan: ihò kan, inú kọ́bọ́ọ̀dù, owó àwọn tó ń rà ni a ó fi ṣe é, a ó sì dí i lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Kí dírílì tó kan àjà, mo ní kí wọ́n gé ègé kékeré lọ fún ilé-ìwádìí, nítorí asbestos, ohun aláfọ́nrán kan tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Àwọn kan rò pé àṣejù ni. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe irú àjà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń pò ó mọ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, eruku rẹ̀ ló sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Òwú inú àjà pàápàá lè ní i. Vermiculite, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi wúrà tó ti ṣá, tí wọ́n ń dà sí òkè àjà láyé àtijọ́, ibi ìwakùsà kan ní Libby ní ìpínlẹ̀ Montana ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti wá, asbestos sì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ẹni tó bá lu àjà tí irú rẹ̀ dà sórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ti wa mọ́; èsì dé pé kò sí asbestos nínú rẹ̀. Àjẹ́ǹtì ráhùn pé a ń fi ọjọ́ ṣòfò.

Ihò náà kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ. Kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ wà lórí wáyà gígùn, tó ní iná tirẹ̀, ni a tì wọlé. Òwú gíláàsì ni a kọ́kọ́ rí, ó pọ́n, eruku bò ó. A yí ojú kámẹ́rà sí ọ̀nà ògiri. Bíríkì yọ. A tẹ̀lé e wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí ibi tó parí sí. Pákó méjì ni, wọ́n tẹ́ wọn dùbúlẹ̀ lórí igi àjà, òpó èéfín sì jókòó lé wọn. Kò sí irin kankan. Ọkọ gba fóònù tí a fi ń wo àwòrán lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn?" Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni. A ní kí Mama má sùn sí yàrá yẹn mọ́, a sì gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀ kí a tó lọ.

Láti ibí yìí, kámẹ́rà kò tó mọ́. Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí igi, kó sì fi ọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni pé a ní láti gé ẹnu àjà tòótọ́. Mama gbà kíákíá lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́yà rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá tiẹ̀ rà á mọ́, ilé tó ní ẹnu àjà sàn fún un láti tà ju èyí tí kò ní lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni a mú. Èmi ò fara mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, torí ẹni tó bá ní láti kó aṣọ síta kó tó gun òkè kò ní gùn ún láéláé. Orí àtẹ̀gùn burú ju ìyẹn lọ, torí àkàbà kò ní ibi tí yóò tẹ̀ sí. Káfíńtà kọ́kọ́ wá igi àjà, ó rí i pé sẹ̀ǹtímítà 40 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, èyí tó fi hàn pé ó gbọ́dọ̀ gé ọ̀kan kí ẹnu-ọ̀nà tó lè tóbi tó. Igi àjà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gé bí ẹni gé iṣu. Ó fi òpó ti àjà lábẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó gé e, ó sì fi pákó méjì méjì tó nípọn dábùú orí àti ìdí ibi tó gé, kó lè pín ẹrù rẹ̀ sórí igi tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé òrùlé àtijọ́ ni, tí wọ́n gé igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ilé. Òrùlé onígun mẹ́ta tí wọ́n ti fi irin eléyín so pọ̀ láti ilé-iṣẹ́, èyí tó gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1950, kò gba irú rẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń fa ẹsẹ̀ òrùlé méjèèjì mọ́ra. Ẹni tó bá gé e láìsí ẹnjiníà ń ya òrùlé ni.

Ẹnjiníà gòkè, kò pẹ́ tó fi sọ̀kalẹ̀. Igi àjà mẹ́ta ló ń gbé òpó náà, gbogbo wọn ti tẹ̀. Ibi tí àjà ti sán gan-an ni wọ́n ti tẹ̀ jù. Ó fún wọn ní ọ̀nà méjì: kí wọ́n fi irin gbé e láti ògiri dé ògiri, tàbí kí wọ́n tú u bíríkì kan lẹ́yìn èkejì láti orí wá sísàlẹ̀, kí wọ́n sì pa òrùlé dé. Wọ́n mú títú, torí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Kí wọ́n tó pinnu, mo ní kí wọ́n yẹ gbogbo ohun tó ń jó gáàsì nínú ilé wò, kó má baà jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń gba inú òpó yẹn tú èéfín rẹ̀ síta. Èéfín gáàsì tí kò rí ọ̀nà jáde máa ń pa èèyàn lójú oorun. Kò sí ìkankan tó ń gba ibẹ̀.

Bí ọ̀nà ti là báyìí, àwọn nǹkan mìíràn náà yọjú. Fáànù ilé ìwẹ̀ ń fẹ́ ọ̀rinrin sínú àjà, páìpù rẹ̀ ò dé ìta rárá, igi òrùlé tó wà lórí rẹ̀ sì ti bu, ó dúdú. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Wáyà ni kò kéré. Lábẹ́ òwú, oníṣẹ́ iná rí wáyà ayé àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ igi pẹ̀lú kókó tánganran, tí wọ́n sì fi ọ̀pá tánganran tì gba inú igi kọjá. Irú rẹ̀ kò ní wáyà ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó máa fẹ́ sí i kó má baà gbóná jù. Ẹni tó tẹ́ òwú lé e lórí ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. A rò pé ó ti kú, pé wáyà tuntun ló ń ṣiṣẹ́, torí àwọn ojú iná inú yàrá jẹ́ ti ìgbàlódé. Oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò: iná yàrá méjì ṣì ń gba inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí tọkọtaya náà lọ bá ti béèrè irú wáyà tó wà nínú ilé kí wọ́n tó gbà wọ́n, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ìjókòó tó kẹ́yìn lórí owó kò ní ariwo. A fi ìwé ẹnjiníà àti ìwé oníṣẹ́ iná sórí tábìlì, pẹ̀lú iye tí àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà kọ. Mama gbà láti yọ owó òpó èéfín àti owó wáyà kúrò nínú iye ilé. Ó kọ̀ láti yọ ti fáànù, ó ní ilé àgbà kò ní ṣe kó má ní ìkan tàbí òmíràn, tọkọtaya náà sì fi sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo nǹkan ni olùtà máa ń sọ sí ìta.

Wọ́n ti ra ilé náà. Wọ́n tú òpó èéfín kí wọ́n tó kó wọlé. Ìdérí ẹnu àjà ni mo takú lé lórí: wọ́n fi fọ́ọ̀mù tó nípọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, torí bí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé bá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè, igi òrùlé á tún máa bu. Wọ́n fi iná sókè, ojú iná rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé ẹni tó di àkàbà mú kò ní ọwọ́ tó máa fi di tọ́ọ̀ṣì.

Apá kan ṣì kù tí a ò rí. Wọ́n fi ilé ìdáná kún ẹ̀yìn ilé nígbà kan, òrùlé rẹ̀ tẹ́, ògiri àtijọ́ sì pín in níyà kúrò lára òkè àjà tí a ṣí. Àyè rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 30, èèyàn ò lè wọ̀ ọ́. Mo dábàá kámẹ́rà, ọkọ ní owó ti tán. Páànù ibẹ̀ ti gbó, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀; láti òkè ni wọ́n máa wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ká páànù náà kúrò.